Wọ́n Ní Mò Ń Gbin Aṣọ

Winnipeg, Kánádà
Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Quadri ọmọ mi, Àkànní,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé iná ń dúró ní Addo, àbí jẹnẹrétọ̀ lẹ ṣì ń tàn lójoojúmọ́? Àwa wà níbí, a dúpẹ́ fún Ọlọ́hun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ràhmát ní kì í ṣe ẹ̀rín, ó ní inú ló ń run ún. Èmi tí mo bí Ràhmát mọ ẹ̀rín tí mo bá rí i.

Má bi mí pé kí ló dé tí mò ń kọ lẹ́tà láyé fóònù. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́, ohun tí ò ń sọ ni pé, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mò ń pè yín padà." Láti ọjọ́bọ̀ lo ti ń pè mí padà. Wọn kì í pa lẹ́tà mọ́ ènìyàn lẹ́nu. Mo kọ ọ́ síwèé, Ràhmát á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí ọ. Ìwọ náà jókòó kí o kọ èsì. Má fi ohùn ránṣẹ́ sí mi o.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Nígbà tí mò ń bọ̀ lóṣù Keje, mo fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, mo ní kí o máa ṣí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí àwọn máṣíìnì. Àfi bí Ìyá Mikail tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ṣe pè mí lánàá. Ó ní, "Ìyá Ràhmát, ẹ kú oríire o, ẹ ti di onílé-ìwé." Mo ní ilé-ìwé wo? Ó ní ọmọ mẹ́tàlélógún ló ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi nírọ̀lẹ́, pé Gẹ̀ẹ́sì lò ń kọ́ wọn, pé wọ́n ń pariwo sípẹ́lì débi pé àwọn tó ń ra búrẹ́dì náà ti ń bá wọn pe é. Ọmọ mẹ́tàlélógún! Nínú ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé bí oníbàárà mẹ́ta bá wọlé, ẹnì kan á bọ́ síta kí a tó lè wọn ẹnì kejì!

Quadri, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ yín ní Igbó Ẹfọ̀n palẹ̀ mọ́, mo ní kò burú, Ọlọ́hun á ṣí òmíràn. Ó ti ṣí i. Àbúrò mi Adéníyì ti bá wọn sọ ọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Àyè wà fún ọ ní stọ́ọ̀ wọn láti ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, ọkọ̀ wọn á sì máa gbé ọ ní Ajah. Àwọn kan ń gbààwẹ̀ nítorí irú ẹ̀, ìwọ ń bá ọmọ ọdún méje pe A, B, C.

Ọ̀kan kù. Ọládipúpọ̀ tó ń ta fóònù lábẹ́ agboòrùn níkòríta fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù náà. Mo ti ní kó fún mi di òpin oṣù Kẹwàá. Nítorí náà, fi ọgbọ́n tú àwọn ọmọ ọlọ́mọ ká, kí o gba iṣẹ́ Adéníyì, kí ara tu ìyá rẹ. Ìyàwó ńkọ́? Àbí ìyẹn náà, ò ń pè mí padà lórí ẹ̀?

Èmi ni ìyá rẹ tí oorun kò kùn ní òkèèrè,
Afusat


Addo Road, Ajah
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àìrójú tèmi náà. Iná ń gbìyànjú. Mò ń jẹun, Màámi. Ìyá Mikail kì í jẹ́ kí n ra búrẹ́dì mọ́, wọ́n ní owó tíṣà ni.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ forí jì mí pé kì í ṣe ẹnu mi lẹ ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ Mikail ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ní kó kọ ohun tó ṣe nígbà ọlidé wá sílé-ìwé. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa fún wákàtí kan gbáko, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kọ: òun jẹ ráìsì. Màámi, ẹ mọ Mikail! Ọmọ tó lè ròyìn bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìmí! Mo ní, "Ìwọ, ráìsì nìkan lo jẹ fún oṣù méjì?" Ó ní, "Uncle, mo lọ sí etí òkun, alákàn gé mi lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ sípẹ́lì alákàn." Ìbẹ̀rù sípẹ́lì ló ń sọ ọmọ yẹn di odi. Mo pè é wọlé. Lọ́jọ́ kejì ó mú ọmọ mẹ́rin wá.

Ohun tí mo bá nílẹ̀ ni mo fi ń kọ́ wọn. Ẹ má bínú o, Màámi. Mo rí ike bọ́tìnnì funfun yín lókè kọ́bọ́ọ̀dù, mo wá fi bírò dúdú kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí wọn lára. Bí ọmọ bá ti wọlé, á ki ọwọ́ bọ inú ike, á mú mẹ́jọ, á fi wọ́n to ọ̀rọ̀ lórí tábìlì tí ẹ fi ń gé aṣọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá gùn jù ló máa jókòó sórí àga yín lọ́jọ́ náà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń du àga! Ọmọ kọ̀ọ̀kan tún gbọ́dọ̀ mú ọ̀rọ̀ tuntun kan wá láti ilé, nínú àpò, bí ẹni mú gúgúrú. Ọ̀rọ̀ tí o kò bá lè fi ṣe gbólóhùn, o máa mú un padà sílé. Tolúwani, ọmọ ọdún méje tó kéré jù nínú wọn, mú "nevertheless" wá. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Ó kọjú sí Mikail, ó ní: "I am small. Nevertheless, I will beat you."

Lọ́jọ́ Ẹtì, a máa ń ya pépà páátánì yín tóóró-tóóró, kálukú á kọ ìtàn sí i lórí ìlà kan, a ó fi téèpù yín wọ̀n ọ́n. Mikail oníráìsì kọ ínṣì mọ́kànlélọ́gọ́ta lọ́sẹ̀ tó kọjá. Alákàn wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tó gé náà wà níbẹ̀.

Màámi, mi ò fojú tín-ínrín iṣẹ́ Bọ̀ọ̀dá Adéníyì. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin tí mo fi wà ní Igbó Ẹfọ̀n, kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni sáré wá bá mi níbi iṣẹ́. Àwọn ọmọ yìí ń sáré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ṣọ́ọ̀bù fún Ọládipúpọ̀. Kò sí ibòmíràn tí mo lè kó wọn sí.

Ọmọ yín tó ń bẹ̀bẹ̀,
Quadri


Winnipeg
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Quadri,

Bọ́tìnnì wo? Mo ní bọ́tìnnì wo? Ṣé kì í ṣe àwọn tó ń dán bí eyín ọmọ tuntun yẹn? Ti aṣọ ìyàwó ọmọ Alhaja Mọ̀nsúrát ni o! Ṣé kí ìyàwó wá jókòó níwájú àwọn àlùfáà, kí wọ́n máa ka Q láyà rẹ̀? Ọpẹ́lọpẹ́ pé òkun wà láàárín èmi àti ìwọ.

Kí ló tilẹ̀ wá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ "nevertheless" yẹn? Ṣé ó borí Mikail lóòótọ́? Mo kàn béèrè ni o. Kì í ṣe pé mo ti gbà.

Má sì rò pé mi ò mọ iyì Gẹ̀ẹ́sì. Mo ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, mo sì gba C6 nínú Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún tí gbogbo kíláàsì wa fìdí rẹmi. Kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun fún ọ. Mo fẹ́ rán fìlà kékeré fún ọmọ. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan pé kí wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ àti òwú. Mo sọ, sọ, sọ. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ń ṣe "sorry?" sí mi bí aago tó há. Mo ní kò burú, etí rẹ lè má gbọ́ ohùn mi, ojú rẹ á mọ ìwé. Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ gàdàgbà: "I want to sow for my grandchild."

Ojú rẹ̀ tàn yòò! Ó fà mí lọ́wọ́, a kọjá ìkòkò, a kọjá bàtà òjò, ó wá dúró níwájú irúgbìn. Irúgbìn, Quadri! Èso kárọ́ọ̀tì, èso àlùbọ́sà. Ó yan èso òdòdó yẹ́lò ńlá kan lé mi lọ́wọ́, ó ní èyí ni ọmọ máa fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n kí n dúró dìgbà tí yìnyín bá lọ. Ojú tì mí, mo rà á. Nígbà tí mo ròyìn fún ẹ̀gbọ́n rẹ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Ó ní kí n jẹ́ kí òun lọ wo ọmọ. Àwọn òyìnbó yìí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ara wọn mọ́.

Ọjọ́ ń lọ o. Ọládipúpọ̀ ń pè mí. Fún mi lésì kánkán.

Ìyá rẹ tó ra irúgbìn láìní oko,
Afusat


Winnipeg
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 2025

Quadri,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé! Mo pè ọ́, o ní ara rẹ dá, o sáré pa fóònù. Lẹ́tà ńkọ́? "Mò ń kọ ọ́ lọ́wọ́, Màámi." Bíbélì àti Kùránì pọ̀, wọn ò tó bẹ́ẹ̀ láti kọ!

Mo ti wá mọ ohun tí ò ń pa mọ́. Ìyá Mikail ló pè mí láàárọ̀ yìí pé pátákó àkọlé mi kò sí níwájú ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó ní ihò ìṣó ló kù lára ògiri. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún. Pátákó tí bàbá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Kò sí ohun mìíràn tí ọwọ́ ọkùnrin yẹn kọ tó ṣì wà lójútáyé. Orúkọ ta lo fẹ́ kọ síbẹ̀? Tìrẹ? Ṣé èmi ti kú ni?

Mo ti ní kí Adéníyì wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún. Ọládipúpọ̀ máa wọlé lọ́jọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Mo ti parí ọ̀rọ̀.

Afusat


Addo Road, Ajah
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 2025

Màámi,

Ẹ má sunkún mọ́. Pátákó wà. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo fi aṣọ àdìrẹ yín wé e, kò sí ohun kan tó ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù. Ìgbà karùn-ún rèé tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mò ń fà á ya.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí lẹ́tà irúgbìn yín wọlé, mo kó àwọn ọmọ lọ ṣọdẹ ọ̀rọ̀. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé a ó tò lọ sí ojú títì pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù, a ó máa da ohun tí wọ́n kọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù kọ. Òfin mẹ́ta ló wà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ nawọ́, ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ tó yà á lẹ́nu á dúró, á kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń kọ èyí?" Ìyá Mikail ṣíwájú, èmi ń bọ̀ lẹ́yìn. A rí ọ̀rọ̀ mọ́kànlélógójì. Mẹ́sàn-án wọ́, sípẹ́lì wọn ò pé. Onígbàjámọ̀ fún wa ní bísíkíìtì pé a bá òun tún tòun ṣe.

Nígbà tí a padà dé, Tolúwani kò wọlé. Ó dúró síta, ó gbójú sókè. Ó ní, "Uncle, ṣé Màmá yín máa ń gbin aṣọ ni?"

Màámi, ohun tó wà lára pátákó wa ni: AFUSAT FASHION. WE SOW ALL STYLES. Láti kékeré ni mo ti ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, mi ò kà á rí. SOW tó ní O láàárín, gbígbìn ni, bí a ti ń gbin àgbàdo. Èyí tí a fi ń rán aṣọ, E ló wà láàárín rẹ̀: SEW. Ohùn kan náà ni wọ́n ní, ibi tí wọ́n ń lọ ló yàtọ̀.

Kí n tó lanu, ìjà ti bẹ́. Mikail ní, "Ó lè jẹ́ òótọ́! Ṣebí inú oko ni wọ́n ti ń rí òwú!" Ẹnì kan ní bùbá nìkan lèèyàn lè gbìn, pé agbádá á pẹ́ kó tó so. Òmíràn ní tí òjò bá pọ̀, ṣòkòtò á gùn jù. Wọ́n ń bi mí, Màámi, ojú wọn mọ́ kedere, wọn ò fi yín ṣẹ̀sín. Mo ní kí wọ́n dúró, pé ẹni tó ni pátákó ló máa dáhùn. Lálẹ́ ni mo wá ka lẹ́tà yín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ibi irúgbìn, ni ẹ̀rù bá bà mí. Gbólóhùn wo lọmọ fi ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó ṣì í kọ? Ìyá tó gba C6? Lára pátákó tí Bàbá kọ? Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá kó fi ẹ̀yin àti Bàbá rẹ́rìn-ín. Ìdí tí mo fi yọ ọ́ nìyẹn. N ò ta nǹkan kan. N ò kọ orúkọ kankan.

Ẹ bú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé wọn.

Quadri


Addo Road, Ajah
Ogúnjọ́, Oṣù Kẹwàá, 2025

Màámi mi,

Mo kí yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ò fèsì. Àǹtí Ràhmát ní ẹ ti kà á, pé ẹ wọ yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Adéníyì dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta bí ẹ ti rán wọn. Wọ́n wọlé pẹ̀lú ìbínú yín lójú. "Kọ́kọ́rọ́ dà?" Àwọn ọmọ dìde, wọ́n kí wọn tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀, wọ́n wá gbé ike bọ́tìnnì síwájú wọn. Àlejò tó bá wọlé wa gbọ́dọ̀ to ọ̀rọ̀ kan láti inú iṣẹ́ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kékeré lèyí. Ọ̀gá méńténáńsì ni mí." Wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n sì tò ó: MAINTAINANCE.

Tolúwani kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ṣé ó dá mi lójú kẹ̀? Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń fọwọ́ sí i ní gbogbo fọ́ọ̀mù!"

A ṣí atúmọ̀ èdè. Bọ̀ọ̀dá wò ó, wọ́n yọ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní ìwé náà ti gbó. Mikail mú tirẹ̀ wá, tuntun ni. Màámi, ẹ̀rín pa Bọ̀ọ̀dá títí fìlà wọn fi bọ́ sílẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yọ A àti I, wọ́n fi E sí i. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní, "Quadri, ẹ̀gbọ́n mi á wá fúnra wọn gba kọ́kọ́rọ́ wọn. Èmi ò lè lé olùkọ́ mi."

Ṣùgbọ́n Ọládipúpọ̀ wá lánàá, ó ń wọn ògiri fún pẹpẹ tó máa kàn. Àwọn ọmọ ń wò ó. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ̀wé sí yín. Mo ní kí kálukú kọ tiẹ̀, mi ò ní tún un ṣe. Mẹ́tàlélógún ni, mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Àǹtí. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù, Màámi. Èébú náà dára ju ìdákẹ́jẹ́ lọ.

Quadri


Winnipeg
Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹwàá, 2025

Quadri, Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Ìyá Mikail, mo kí gbogbo ilé.

Lákọ̀ọ́kọ́ mi ò gbà ọ́ gbọ́. Mo ní kí Ràhmát ṣí atúmọ̀ èdè fún mi. Ó ní, "Màámi, láti ọjọ́ irúgbìn ni mo ti mọ̀, mi ò lè sọ ọ́ ni." Ẹ̀yin ọmọ tí mo bí! Mo bá wọ yàrá lọ, mo ń ronú.

Ọdún méjìlélógún! Mo rántí ọjọ́ yẹn bí àná. Bàbá rẹ wà lórí àkàbà, ọ̀dà lọ́wọ́, ó ké sí mi nínú ilé: "Afusat! O ni àbí E?" Pínnì kún ẹnu mi. Mo ní, "O! Ṣé ẹni tó gba C6 lò ń bi léèrè?" Ó bojú wẹ̀yìn wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kọ O. Ẹ̀rín yẹn ni mò ń rò láti ọjọ́ yìí. Ṣé ó mọ̀ ni, tí kò fẹ́ dójú tì mí? Àbí inú rẹ̀ kàn dùn lọ́jọ́ náà? Mi ò ní rí i bi mọ́.

Alhaja kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ránṣọ lọ́dọ̀ mi fún ọdún mẹ́sàn-án. Lọ́yà wá. Pásítọ̀ wá. Gbogbo wọn kọjá lábẹ́ ẹ̀, gbogbo wọn dákẹ́. Bóyá wọ́n ń rẹ́rìn-ín nílé. Ọmọ ọdún méje ló dúró, ló béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ṣé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kí n lé síta kí n fi àtẹ fóònù rọ́pò ẹ̀?

Mo ka lẹ́tà wọn, mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún. Tolúwani ní kí n má tijú, pé òun náà kọ "becos" fún odidi ọdún kan, òun ò sì kú. Mikail kọ ojú ewé mẹ́ta nípa bí wọ́n ṣe máa gba oko aṣọ mi lọ́wọ́ ẹyẹ. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ọmọ jí. Mo wá sunkún díẹ̀. Mo wá jẹun.

Mo ti pe Ọládipúpọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Inú bí i, ó ní mo ti mú òun dúró jù, ó sì ní ẹ̀tọ́. Ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ rẹ, Quadri. Tí mo bá dé, èmi á máa rán aṣọ láàárọ̀, ẹ̀yin á gbà á nírọ̀lẹ́. Bá Adéníyì sọ ọ́ fúnra rẹ pé o kò ní gba iṣẹ́ náà, má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Kò túmọ̀ sí pé ọkàn mi ti balẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ìyàwó ṣì wà nílẹ̀ gbọọrọ.

Ràhmát ní kí a fi pátákó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ṣebí ìmọ̀ lò ń gbìn sínú ọmọ. Mo ní kó gbé wàásù rẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Àṣìṣe ni àṣìṣe. Ka èyí sí wọn létí:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Èmi kì í gbin aṣọ. Rírán ni mò ń rán an. Èmi ni mo ṣì í, bàbá tó kọ ọ́ kò ṣì í, ohun tí mo sọ fún un ló kọ. Mi ò mọ̀ ọ́n, mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí. Tolúwani ni kó kọ E náà. Kí àwọn tó lágbára di àkàbà mú fún un."

Èmi ni ìyá rẹ, aránṣọ,
Afusat


Addo Road, Ajah
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kọkànlá, 2025

Màámi mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì. Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa.

Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín sí wọn létí, Mikail ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àgbàlagbà sọ pé òun ṣì í?" Ó ní kí n tún un kà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni ariwo wá sọ, tí gbogbo Addo gbọ́.

A kọ́ ọ lánàá. Ọmọ mẹ́fà di àkàbà mú, Ìyá Mikail di Tolúwani mú, èmi di Ìyá Mikail mú. O yẹn nìkan la bò. Gbogbo ìyókù, ọwọ́ Bàbá ni. E rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ òfófó, ṣùgbọ́n E ni. Bọ̀ọ̀dá Adéníyì ní àwọn ti fún ẹlòmíràn ní iṣẹ́ náà, wọn ò bínú. Wọ́n ní kí n máa fi Àbámẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn àgbà tó fẹ́ kọ́ sípẹ́lì.

Bí a ṣe ń palẹ̀ ọ̀dà mọ́ ni Ọládipúpọ̀ yọ. Ojú rẹ̀ le. Àwọn ọmọ tò sẹ́nu ilẹ̀kùn bí ọlọ́pàá. Ó dúró, ó wo pátákó, ó wo inú ilé, ó wo ibi tó fẹ́ kan pẹpẹ rẹ̀ sí. Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n." Ó ní, "Ìyá rẹ ti bẹ̀ mí tó. Kì í ṣe ìyẹn ni mo bá wá." Ó bá fa ọmọbìnrin kékeré kan jáde lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ náà ń gé èékánná jẹ. "Olúwafúnminíyì, kí uncle." Ọmọ náà kúnlẹ̀. Bàbá rẹ̀ tẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ó mọ Gẹ̀ẹ́sì sọ o. Ìwé ló ń bà á lẹ́rù."

Tolúwani ti sún sẹ́yìn fún un kí n tó lanu. Bẹ́ẹ̀ ni Ọládipúpọ̀ ṣe rí àyè gbà nínú ṣọ́ọ̀bù yín, Màámi: àyè ọmọ kan, ní ìdí bẹ́ǹṣì.

Ọmọ yín,
Quadri